Ààyè Òṣìṣẹ́ Tí Kò Lè Wá: Láti Ìgbà Àáró dé Ìgbà Ìwé Dókítà

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, àgbẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní àkókò ebè kíkọ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ pàdánù oko rẹ̀, bí ó bá ti wà nínú àáró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mélòó kan ni wọ́n máa ń da àáró pọ̀: wọn a ṣe oko ti ẹni kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ti ṣe lóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di gbèsè tí a jẹ ẹ́. Bí àìsàn bá dé bá a lẹ́yìn náà, wọn a ṣe oko rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó jẹ gbèsè, àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ a lọ dípò rẹ̀, tàbí kí wọ́n dúró dè é kí ara rẹ̀ yá. Ààyè rẹ̀ kò bọ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùdánwò a máa da méjèèjì rú: ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ àwọn tí ó wá, a kì í sì í ka ọjọ́ síra ẹni lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń yin ayé àtijọ́ kí ó má gbàgbé ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ara rẹ̀ ni èlé lórí owó tí a yá. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó, owó náà kò dín. Bí ó bá sá, tàbí bí ó bá kú, àwọn ẹbí tí ó jẹ gbèsè ni yóò wá ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ tàbí kí wọ́n san owó olówó. Àáró pín ìnira sáàárín ẹgbẹ́. Ìwọ̀fà di gbogbo rẹ̀ ru ẹbí.

Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1933, ilé-iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó gba ni síṣẹ́ kì í ṣe ará agbo ilé mọ́, àbúrò kò sì lè lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní 1941 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ tí Yorùbá fún owó náà sọ púpọ̀: ó ń tu ni nínú nítorí apá tí ó ti lọ.

Òfin Iṣẹ́ 1974 ni ó wá sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé kí òṣìṣẹ́ gba owó iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún bí àìsàn bá dá a dúró, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Ìwé ti gba ipò ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ní Iléṣà, tí Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ti wà tipẹ́, ìwé bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Fún ẹni tí ó wà ní abúlé tí kò ní dókítà, ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀.

Ti abiyamọ ni òfin náà ti ṣe dáadáa jù lọ. Ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ọjọ́ 42; àwọn ìyá wa kò sì ṣàì mọ ogójì ọjọ́ tí abiyamọ fi ń gbélé kí ó tó jáde! Obìnrin tí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀. Ọ̀gá kò gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tí ó wà nílé. Bí ó bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fún un láti fi fún ọmọ lọ́yàn. Níhìn-ín ni òfin ti ronú kan ìpadàbọ̀ gan-an. Àwọn alágbàṣe àti akọ̀wé ni òfin náà wà fún ní pàtàkì. Ìwé ìlànà ìjọba ni ti olùkọ́ wà nínú rẹ̀.

Òfin 2010, tí ó gba ipò ti 1987, fi kún un pé kí a ran ẹni tí ó farapa lọ́wọ́ láti tún lè ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò sì máa dá owó sínú àpò kan fún èyí. Ṣùgbọ́n aláró Òṣogbo tí ó ń rẹ aṣọ fún ara rẹ̀, àti oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí ó ń kiri ọjà, kò ní agbanisíṣẹ́ kankan tí yóò dáwó fún wọn. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹgbẹ́ àti ẹbí ni wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ sí.