Akọ̀wé Rélùwéè tí Ó Gbé Ìwé Méjì Lẹ́ẹ̀kan

Ìbéèrè kan ń jẹyọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Sàngó: ẹni tí ó ń kàwé lọ́wọ́ fún oyè kejì, ǹjẹ́ ó lè fi ìwé òfin kún un? A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Ní 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó wá sí ìhà Ọ̀tà wa yìí, kí ó tó gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Ní ọ́fíìsì ìṣirò owó rélùwéè náà ni ọmọ Èkó kan, Teslim Ọláwálé Elias, tí a bí ní 1914, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1935. Kò sí Yunifásítì kankan ní ilẹ̀ wa nígbà náà, ṣùgbọ́n Yunifásítì London a máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò jókòó sí ilé rẹ̀ kàwé, tí yóò sì wá ṣe ìdánwò. Ọ̀nà yìí ni Elias tọ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ó yege nínú ìdánwò àkọ́kọ́ ti B.A., ó sì yege nínú ti LL.B. pẹ̀lú. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó lò ní ọ́fíìsì náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òjijì ni.

Ní 1944 ó lọ sí London, ogun Hitler kò sì tíì parí. Ó gba B.A. lọ́dún náà, ó gba LL.B. ní 1946. Ní 1947, Inner Temple sọ ọ́ di amòfin, ọdún kan náà ni ó sì gba LL.M. Nígbà tí ẹrù méjèèjì ti jẹ́ ti òfin, ọ̀kan a máa ran èkejì lọ́wọ́. Oyè ọ̀mọ̀wé tẹ̀ lé e ní 1949. Ní 1951 ìwé rẹ̀ lórí òfin àti àṣà ilẹ̀ ní Nàìjíríà jáde, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe àjèjì sí ìdílé kankan ní Ọ̀tà. Ó di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ní 1972, ó sì di olórí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague ní 1982.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba B.Com. ti London tán ní 1944 kí ó tó wọ ìwé òfin, ó sì di amòfin ní November 1946. Fún ẹni tí ó ní aya àti ọmọ bí tirẹ̀, ọ̀nà yìí ni àwa fara mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà. Láti 1963 tí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ibẹ̀ ni ẹni tí yóò ṣe amòfin níhìn-ín gbọ́dọ̀ gbà kọjá, a kì í sì í jókòó sílé kọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n gba LL.B. ní National Open University pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ọdún púpọ̀, títí a fi tún òfin Yunifásítì náà ṣe ní 2018. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ wa tó san owó fọ́ọ̀mù níbikíbi, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin yóò gba ìwé ẹ̀rí ibẹ̀, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ bóyá yóò fún un ní àyè nígbà tí àkókò bá tó.