Àwọn Ọmọ Tó Bá Ẹrù Wọlé

Kò sí oníṣòwò Ojú Ọ̀nà Táíwò ní Ìlọrin tí kò mọ àpò onílà pupa àti búlúù tí wọ́n ń pè ní Ghana Must Go. Aṣọ, bàtà, ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Ọdún 1983, tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò lọ, ni orúkọ náà mọ́ àpò yìí lára. Ṣùgbọ́n ọdún 14 ṣáájú ìgbà náà, àwa gan-an ni Gánà lé, ọmọ wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú ẹni tí wọ́n lé.

Láyé òyìnbó ni àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Èjìgbò ti ń ṣòwò lọ sí Gold Coast, tó di Gánà. Wọ́n dé Accra, níbi tí àdúgbò kan ti ń jẹ́ Lagos Town nígbà náà. Wọ́n dé Kumasi, wọ́n tún gòkè dé Tamale. Nígbà tí Gánà ka èèyàn ní 1960, Yorùbá tó wà níbẹ̀ lé ní 100,000.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kẹ́rù. Iṣẹ́ ti wọ́n nílùú, wọ́n sì ní àjèjì ló gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Àgbà lè jiyàn lórí ìyẹn. Kí ni ọmọ ọdún méje fẹ́ sọ sí i? Kumasi ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n bíbí síbẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ Gánà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kó wọn gba Tógò àti Dahomey, ìyẹn Benin òde òní, wá sílé. Ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Kwara, lábẹ́ Gómìnà David Bamigboye, kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó ń fi Twi tàbí Haúsá ṣeré lánàá wá bá ara rẹ̀ láàárín ìbátan tí kò rí rí. Agbo ilé ló gbà wọ́n, agbo ilé kò sì béèrè ìwé. Wọ́n fi ohùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́ o, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ Gánà, ṣùgbọ́n wọ́n bù fún wọn jẹ.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn ti di géńdé ẹni bí ọdún 21 ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, tí ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àlejò aláìníwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti já, ìbò sì ń bọ̀. Òfin kò ṣàì wà lẹ́yìn ìjọba: ọjọ́ 90 ni àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún àlejò láti wà láìgba físà. Ṣùgbọ́n Gánà ti ti ẹnubodè òun àti Tógò láti 1982, Benin náà wá ti tirẹ̀ kí èrò má baà há sí i lọ́rùn. Ní Sèmè, ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, ìyá pọnmọ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí Gánà fi ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tí àṣẹ náà kàn tó mílíọ̀nù 2, nǹkan bí ìdajì wọn sì jẹ́ ọmọ Gánà. Ní 1985, ìjọba Buhari tún lé òmíràn.

Oṣù méje ṣáájú àṣẹ Shagari, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá ẹjọ́ kan lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Texas kò fẹ́ náwó ilé ìwé sórí ọmọ tí kò níwèé. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ẹ̀bi òbí kò gbọdọ̀ já lé ọmọ lórí. Mẹ́rin kò gbà.

Ní oṣù keje 2025, àwọn kan tún wọ́de ní Accra. Gbólóhùn tí wọ́n gbé káàkiri ni Nigerians Must Go.