Irinṣẹ́ Mẹkáníìkì Nínú Ilé: Bí A Ṣe Ń Yàn Wọ́n àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn ní Dalori

  Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ará wa: "Ẹ jọ̀ọ́, irinṣẹ́ wo ni kí n rà sílé, tí n kò fi ní máa sáré tọ mẹkáníìkì lọ nítorí bóòtù kan ṣoṣo?" A pinnu láti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni lè máa padà wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, àwọn agbésùnmọ̀mí ba òpó tó ń gbé iná wọ Maiduguri jẹ́, ìlú sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ilé tó bá ní jẹnẹrétọ̀ ń rí iná tàn. Ní oṣù keje ọdún 2011 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Borno fòfin de ọ̀kadà nínú ìlú. Kẹ̀kẹ́ Napep ló wá gba ipò rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ lóru, tàbí tí kẹ̀kẹ́ dákú láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, owó oúnjẹ ló dúró yẹn. Ọwọ́ ara ẹni la sì fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ohun méjì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Èkíní, irinṣẹ́ díẹ̀ tó dára, tó sì bá bóòtù mu, sàn ju àpótí ńlá tó kún fún gbàrọgùdù lọ. Èkejì, níbi tí a wà yìí, eruku, oòrùn àti omi ló ń pa irinṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa

Ọ̀kan nínú wa ra odidi àpótí sípánà kan lọ́jà. Ó ń dán gbinrin, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi tú nọ́ọ̀tì kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀, ẹnu sípánà nọ́ńbà 10 là, ó sì jẹ gbogbo igun nọ́ọ̀tì náà títí ó fi di róbótó. Nígbà tí mẹkáníìkì máa fi ayùn irin gé e kúrò, kábúrétọ̀ ti sán. Owó kábúrétọ̀ tuntun ju owó gbogbo àpótí náà lọ. Ẹni bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ tú bóòtù gbọ́dọ̀ wo ẹnu sípánà dáadáa.

Ẹ mọ nọ́ńbà bóòtù yín kí ẹ tó lọ sọ́jà

Nọ́ńbà tó wà lára sípánà kì í ṣe sísanra bóòtù fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n orí bóòtù ni, láti ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ kan sí èkejì tó kọjú sí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní Japan sábà máa ń lo 8, 10, 12, 14, 17 àti 19 mìlímítà. Ti Europe àti India máa ń lo 13 gan-an. Bajaj àti TVS tí à ń rí lójú títì, ilé iṣẹ́ India ló ni wọ́n, nítorí náà ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ ṣaláìní sípánà 13. Ní ti nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀, Toyota sábà máa ń gba 21, Honda 19, Volkswagen Golf sì ń gba 17.

Ẹ̀rọ àtijọ́ tó wá láti Amẹ́ríkà tàbí England lè jẹ́ ti ínṣì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ínṣì 3/4 jẹ́ mìlímítà 19.05, sípánà 19 á bá a mu. Ínṣì 5/16 jẹ́ 7.94, sípánà 8 á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ínṣì 1/2 jẹ́ 12.7: sípánà 12 kò ní wọ̀, 13 á wọ̀ ṣùgbọ́n á máa mì. Bí bóòtù náà bá ti le, igun rẹ̀ á jẹ. Tí sípánà bá ń mì lórí bóòtù, ẹ má fipá tú u, ẹ wá ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Àpótí àkọ́kọ́

Ẹ má ra gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ṣe kókó nìyí:

1. Sípánà tó ní òrùka lápá kan tó sì ní ẹnu lápá kejì: 8, 10, 12, 13, 14, 17 àti 19. Nọ́ńbà 10 ló máa ń sọnù jù, ẹ ra méjì.
2. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọwọ́ rẹ̀ tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ẹ yan èyí tí inú rẹ̀ ní igun mẹ́fà. Èyí tó ní igun méjìlá máa ń tètè jẹ orí bóòtù tó ti gbó.
3. Sukudíráfà mẹ́rin: fílátì ńlá àti kékeré, sítáà ńlá àti kékeré. Ìdè orí sítáà tó wà lára ẹ̀rọ Japan kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì tó-tò-tó kan lórí. Sukudíráfà lásán máa ń yọ̀ jáde lórí wọn, torí náà ẹ wá èyí tó jókòó dáadáa.
4. Pláyàsì kan, àti èyí tó ń há mọ́ nǹkan fúnra rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fáìsì gíríìpù.
5. Òòlù kan, ayùn irin kan àti fáìlì kan.
6. Sípánà púlọ́ọ̀gì. Ti kẹ̀kẹ́ kì í sábà bá ti jẹnẹrétọ̀ mu, ẹ tú púlọ́ọ̀gì yín kí ẹ mú un lọ sọ́jà.
7. Mítà tí a fi ń yẹ iná àti bátìrì wò.
8. Jáàkì, pẹ̀lú pákó tó nípọn. Ilẹ̀ Dalori, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Jáàkì tí kò sí pákó lábẹ́ rẹ̀ máa rì ni.

Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì dárúkọ irinṣẹ́ oníná kankan. Níbi tí iná kò ti dúró sójú kan, irinṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ yẹ kó pé.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jà

Ẹ mú bóòtù kan tó mọ́, tí igun rẹ̀ kò jẹ, dání láti ilé. Ẹ fi sípánà bọ̀ ọ́ lójú ẹni tó ń tà á. Ó gbọ́dọ̀ wọlé nírọ̀rùn, kó má sì mì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ wo ibi tí àwọ̀ dídán ti ń bó. Tí ó bá ń bó kí ẹ tó rà á, ẹ fi sílẹ̀.

Wọ́n máa ń kọ "Chrome Vanadium" tàbí "Cr-V" sára irinṣẹ́ irin tó le. Kò burú, àmọ́ ẹni tó ń ṣe gbàrọgùdù náà mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà nìkan. Ní ti pláyàsì, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là kọjá níbi ṣóńṣó ẹnu rẹ̀, kò ní lè di wáyà mú. Ní ti ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, kò gbọdọ̀ yọ̀ lápá kankan.

Ẹ má kẹ́gàn tòkunbọ̀. Sípánà Hazet, Gedore tàbí Stahlwille láti Jámánì, tàbí KTC láti Japan, tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún mìíràn, bí ẹnu rẹ̀ kò bá tíì là. Àwọ̀ tó ti ṣí kò ní kó má ṣiṣẹ́.

Ìlò tó ń mú irinṣẹ́ pẹ́

Bóòtù tó bá le, òrùka tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fi kọ́kọ́ tú u. Ẹ fi apá ẹlẹ́nu parí rẹ̀ nígbà tó bá ti dẹ̀. Ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín, ẹ má tì í, torí bó bá yọ̀, ìka yín ló máa lu irin. Ẹ má ki páìpù bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn. Ẹ fi ọ́ìlì sí ìdí bóòtù náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Abẹ́ ayùn irin, eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síwájú, nítorí ìgbà tí a bá ń tì í ló ń gé nǹkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni kankan ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ ki ìtì igi tàbí ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì jáàkì bá dínkù, ọ́ìlì jáàkì ni kí ẹ fi kún un. Ọ́ìlì búréèkì máa ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ìtọ́jú ní ìgbà ọyẹ́, ooru àti òjò

Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, irin kì í sábà dípáàrà, nítorí afẹ́fẹ́ gbẹ. Eruku ni ọ̀tá. Ọ́ìlì tí ẹ bá fi síra irinṣẹ́ ní ìpọnpọn máa gba eruku, á wá di bíi sáńpépà nínú ọwọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi àkísà tó ní ọ́ìlì díẹ̀ nù ún, kí ẹ tún fi àkísà gbígbẹ nù ún lé e. Ìgbà yìí náà ni igi òòlù máa ń gbẹ, tí orí rẹ̀ á máa mì. Ọ̀pọ̀ máa ń rẹ ẹ́ sínú omi. Ó máa wú lóòótọ́, àmọ́ bó bá gbẹ tán, á mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ kan irin pẹlẹbẹ mọ́ ojú igi náà, tàbí kí ẹ pààrọ̀ igi.

Ìgbà ooru, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí oòrùn ń kọjá ìwọ̀n 40, ẹ má fi irinṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tàbí sórí páànù. Ọwọ́ ike á sán, bátìrì irinṣẹ́ alágbèéká á sì yára kú. Ẹ yọ bátìrì mítà tí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbà òjò, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìpáàrà dé nìyẹn. Ìgbà yìí ni ọ́ìlì díẹ̀ lára irin ṣe pàtàkì jù. Ẹ má gbé àpótí lé ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ẹ gbé e lé pákó. Ẹ má ju fáìlì lé ara wọn, eyín wọn á kú. Ẹ fi àkísà wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí omi bá wọ àpótí

A kò lè gbàgbé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Dáàmù Alau já, omi bo apá tó pọ̀ ní Maiduguri, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá jáde pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Nígbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá lọ, àwọn èèyàn máa ń kó irinṣẹ́ tó ti pọ́n kúlẹ́kúlẹ́ sórí ààtàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣeé gbà là.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi mímọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ó tó gbẹ mọ́ ọn. Ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ, kí ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú rẹ̀. Ẹ má lo bẹntiróòlù, èéfín rẹ̀ máa ń gbaná láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá ti dípáàrà, ẹ po àjàgbọn, tí àwọn Hausa ń pè ní tsamiya, mọ́ omi gbígbóná títí yóò fi kan dáadáa. Ẹ rẹ irin náà sínú rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin bó o. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tí a po kánún sí ṣan án, kí kíkan náà má baà máa jẹ irin nìṣó. Kánún ò wọ́n wa níbí, ẹ̀bá adágún Chad ló ti ń wá. Ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi ọ́ìlì pa á.

Irinṣẹ́ oníná tó bá rì sínú omi, ẹ má kì í bọ iná láti dán an wò. Ó lè pa èèyàn. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.

Láti ìgbà omíyalé yẹn, àwa kì í gbé àpótí sílẹ̀ mọ́ bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé. Orí pẹpẹ tó ga ju ojú fèrèsé lọ ló ń sùn. Àpótí méjì kéékèèké tí ẹnì kan lè gbé sáré sì sàn ju ọ̀kan ńlá tó gba ọkùnrin mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ yíyá

Nílẹ̀ àjèjì, ará ilé ẹni ni à ń sá bá, a ò sì lè ní ká má yá ara wa ní nǹkan. Ṣùgbọ́n sípánà tí a yá kò gbọdọ̀ di ìjà. Ẹ kùn irinṣẹ́ yín ní ọ̀dà kan náà, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó yá a àti ọjọ́ tó mú un sínú ìwé kékeré nínú àpótí. Ẹni tó yá a, kó nù ún kó tó dá a padà. Bó bá ṣẹ́ ẹ, kó sọ ọ́. Ní ti àwọn tó wọ́n, bíi jáàkì ńlá, ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá owó rà á pọ̀, kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀, kí gbogbo yín sì mọ ibi tó wà.

Kí ẹ tó ti àpótí pa lálẹ́, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ńbà 10 kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo orí ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán kí ẹ tó sáná sí i. Ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.