Ikú Tí Kò Wọ Ìwé

Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun dẹ́rù ba Ọba Dòsùnmú, tí wọ́n sì gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1861, ni wọ́n ṣe òfin pé kí a máa kọ orúkọ ẹni tí a bí àti ẹni tí ó kú sílẹ̀. Òfin 1863 ni. Ní 1867 ni wọ́n tó ṣí ìwé náà, ní Erékùṣù Èkó nìkan. Ó di 1917, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti so Gúúsù àti Àríwá pọ̀, kí òfin tí ó kan gbogbo Nàìjíríà tó jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí òfin jáde, ọ̀tọ̀ ni kí ó dé abúlé.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà gba ojú omi wọ Èkó, ó sì bá rélùwéè wọ àárín ìlú lọ. Ohun tí àwọn òpìtàn sábà máa ń kọ ni pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú nínú nǹkan bí 18,000,000. Iye yìí kì í ṣe kíkà rárá, ìfojúbù ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ kan kóra jọ gbàdúrà nígbà àrùn náà, ẹgbẹ́ wọn sì di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tí ó wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà. Ìrántí ẹgbẹ́ náà kò parun. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn náà pa kò sí nínú ìwé ìjọba.

Ẹ̀bi ìjọba nìkan kọ́. Yorùbá kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni; àgbà a papòdà, erin a wó. Èyí dùn nínú ewì, ṣùgbọ́n kò ran akọ̀wé tí ó mú kálàmù dání lọ́wọ́. Láyé àtijọ́, ti ẹni tí ìgbóná pa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn kì í pe àrùn náà lórúkọ, Olóde ni wọ́n fi ń pè é, wọn kì í sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa dá, àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni ó sì ń sin òkú náà. Ní ti ọmọ kékeré, wọn a ní àbíkú ni. Wọn a sin ín kíákíá, òbí kì í sì í mọ ibojì ọmọ. Orúkọ kan ṣoṣo yìí, àbíkú, ni ó bo èéyi, ibà, gìrì àti fòníkú-fọ̀ladìde mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìbòjú náà ti ká díẹ̀. Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú náà láti 1957. Wọ́n ń wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ìwúwo rẹ̀ sórí káàdì tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú, bí ọmọ bá sì kú, wọ́n ń wádìí ohun tí ó pa á. Èéyi, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti àìróunjẹ-aṣaralóore jẹ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1960, Dókítà Samuel Katz wá láti Amẹ́ríkà láti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú tirẹ̀ ka èéyi sí àìsàn ọmọdé lásán.

Òfin 1979 sọ kíkọ orúkọ òkú di dandan jákèjádò Nàìjíríà. Òfin 1992 tún un sọ, Àjọ Ètò Ìkànìyàn sì ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ikú ni kì í wọ ìwé. Ilé-ìwé a máa béèrè ìwé ìbí; ta ni ń béèrè ìwé ikú? Báńkì ni, àti àwọn tí ń san owó ìfẹ̀yìntì. Nítorí náà ikú ẹni tí ó fi ogún sílẹ̀ a wọ ìwé. Ikú ìyá arúgbó tí ń gbé oko kì í wọ̀ ọ́, ti ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kì í tilẹ̀ débẹ̀. Àní nínú èyí tí ó wọ̀ ọ́, dókítà mìíràn a kọ pé ọkàn ni ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Òkú wo ni ọkàn rẹ̀ kò dáwọ́ dúró?

Níbi tí dókítà kò sí, àwọn onímọ̀ a máa rán òṣìṣẹ́ lọ bi ará ilé òkú léèrè bí àìsàn náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti ṣe parí. Ní Íńdíà, irú ìbéèrè yìí fi hàn pé ejò pa nǹkan bí 45,900 ènìyàn ní 2005, ó ju ìlọ́po 30 iye tí ilé ìwòsàn kọ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ. Bí irú rẹ̀ yóò bá kẹ́sẹ járí ní ilẹ̀ Yorùbá, èdè ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Gìrì lè jẹ́ ibà tí ó gun orí, ó lè jẹ́ yírùnyírùn, ó sì lè jẹ́ ìdọ̀tí tí ó gba ìwọ́ wọ ara ọmọ tuntun. Bí akọ̀wé bá kọ gìrì, kò tíì kọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ó béèrè ọjọ́ tí ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, bóyá ọrùn rẹ̀ gan, àti bóyá ó ti kọ́kọ́ ń mu ọmú dáadáa kí ẹnu rẹ̀ tó há pa ní bí ọjọ́ karùn-ún. Ìyá tí ó gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kì í gbàgbé ọjọ́ náà.