Rédíò Ada: Asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń gba èsì ní Ghana

Àwọn bàbá wa ló sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ìyẹn ohun tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Orúkọ náà bá a mu. Èèyàn kan jókòó sí sitúdíò nílùú ńlá, ó ń ka ìròyìn fún wa. Bó dùn mọ́ wa nínú o, bó bí wa nínú o, kò sí bá a ṣe fẹ́ dá a lóhùn. Àmọ́ ìlú kan wà ní Ghana tí orúkọ yìí kò bá rédíò wọn mu rárá. Big Ada lorúkọ ìlú náà, kò jìnnà síbi tí odò Volta ti ń ṣàn wọ inú òkun. Rédíò Ada ni wọ́n ń pe rédíò wọn. Ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun sì ni rédíò aráàlú àkọ́kọ́ ní gbogbo Ghana.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká yanjú ohun tí wọ́n ń pè ní rédíò aráàlú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé rédíò tó bá ṣáà ti ń sọ èdè ìbílẹ̀ ti di ti aráàlú nìyẹn. Rárá o. Rédíò ìjọba, ohun tí ìjọba bá fẹ́ ká gbọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Rédíò aládàáni, ìpolówó ọjà ló ń bọ́ ọ, ẹni tó bá sì lówó lọ́wọ́ ló máa ń rí àyè sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Rédíò aráàlú kì í wá èrè. Àwọn ará àdúgbò ló ni ín, àwọn ni wọ́n ń pinnu ohun tí wọ́n máa sọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, kò sówó oṣù. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, omi tàbí ẹ̀tọ́ bá délẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Nílé wa níbí, ó pẹ́ kó tó débì kan. Ọdún 1992 ni ìjọba ológun ṣe Decree 38 tó ṣílẹ̀kùn rédíò fún aládàáni, Raypower sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1994. Àwọn yunifásítì kan rí tiwọn gbà nígbà tó yá. Àmọ́ ó di ọdún 2015 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì 17 fún àwọn aráàlú lásán. Ọmọ ọdún 17 ni Rédíò Ada nígbà yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìrẹsì jollof, a lè bá Ghana jà dọ̀la. Lórí èyí, ẹ jẹ́ ká dákẹ́.

Èdè Dangme ni wọ́n ń sọ ní Ada. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè ìbílẹ̀ mẹ́fà ni GBC, ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ìjọba Ghana, fi ń ṣe ètò: Akan, Ga, Ewe, Dagbani, Nzema àti Hausa. Kò sí Dangme níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó ná: ká jí láàárọ̀ n'Ífẹ̀, ká tan rédíò, kó jẹ́ pé èdè ìlú ẹlòmíì ni wọ́n fi ń sọ ìròyìn ilé wa fún wa. Nígbà tí Rédíò Ada dé, Dangme ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ètò wọn. Wọn ò sì kàn jókòó máa túmọ̀ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá apẹja létí omi, àgbẹ̀ lóko, awakọ̀ ní gáréèjì, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja àti àwọn tó ń kó iyọ̀. Ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kálukú ń sọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Iyọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀sà kan wà ní Ada tó ń jẹ́ Songor. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi ọ̀sà náà á fà, iyọ̀ á wá ṣẹ́kù sílẹ̀, á funfun báláú. Láyé àtijọ́, àwọn àwòrò tó ń bójú tó ọ̀sà ló ń ṣí i fún aráàlú lásìkò, tí kálukú á wọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú agbọ̀n. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó o. Owó ọbẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ, inú iyọ̀ yìí ni. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Akosombo lórí odò Volta ní 1965, ẹja dín kù nísàlẹ̀ odò, iyọ̀ wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ojú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì wà lára rẹ̀. Láyé ìjọba ológun Ghana, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Vacuum Salt Products láṣẹ lórí apá kan ọ̀sà náà. Bó ṣe di pé ẹni tó ń kó iyọ̀ níbi tí ìyá ìyá rẹ̀ ti kó o di olè nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, nígbà tí ọlọ́pàá ń lé àwọn tó ń kó iyọ̀, ìbọn ba obìnrin kan tó ń jẹ́ Maggie Kuwornu, ó sì kú. Oyún wà nínú rẹ̀. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní Ada, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní 1992, ìjọba ṣe òfin PNDC Law 287 tó gbé ọ̀sà náà sọ́wọ́ ìjọba, pé kó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀.

Kì í wá ṣe àlejò nìkan ló ń fa wàhálà o. Nígbà tó yá, àwọn tó rí jájẹ nínú ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mọ amọ̀ yí apá kan ọ̀sà ká, kóówá ń gé tiẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Atsiakpo ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àwọn ajagungbalẹ̀ l'Ékòó, mi ò ní ṣàlàyé púpọ̀ fún yín. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ rédíò aráàlú ti le jù. Ó rọrùn láti bú ilé-iṣẹ́ tó ti ibòmíràn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gé ọ̀sà lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ìjòyè tó o máa dọ̀bálẹ̀ fún lọ́la. Rédíò Ada ò fi ìyẹn ṣe, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sórí afẹ́fẹ́. Wọ́n dúró ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ada Songor Advocacy Forum, àwọn obìnrin tó ń kó iyọ̀ sì kóra jọ sábẹ́ orúkọ Yihi Katseme, ìyẹn àwọn obìnrin akíkanjú. Wọ́n kọ orin fúnra wọn nípa ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn, rédíò sì gbé e jáde. Àwọn tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípàdé ìlú tẹ́lẹ̀, gbogbo ilé ló wá ń gbọ́ ohùn wọn.

Ní 2020, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 15 tó fún ilé-iṣẹ́ Electrochem ní nǹkan bí éékà 41,000 nínú Songor. Ilé-iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ lòun ń gbé bọ̀, pé iyọ̀ Ghana á di ohun tí wọ́n ń tà kárí ayé. Inú àwọn kan dùn sí i ní Ada. Àwọn mìíràn ń béèrè pé níbo làwọn fẹ́ máa kó iyọ̀ sí báyìí.

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń bá a bọ̀ lórí rédíò. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kínní, ọdún 2022, wọ́n wà lórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ètò Manor Munyu, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́, làwọn tọ́ọ̀gì bá já wọ sitúdíò. Wọ́n lu òṣìṣẹ́, wọ́n fọ́ irinṣẹ́, rédíò dákẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ghana já láti ipò 30 sí ipò 60 nínú àtẹ òmìnira oníròyìn tí Reporters Without Borders ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Ada nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ irú ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ sì wò ó o, kò sẹ́ni tó ń wá fọ́ rédíò tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Wọ́n tún irinṣẹ́ wá, Rédíò Ada padà sórí 93.3 FM, Dangme náà ni wọ́n ṣì ń sọ. Àdéhùn ọdún 15 yẹn ò tíì parí.