Ọjọ́ Tí A Rántí George William Johnson ní Abúlé Ẹ̀gbá

Aago 7 àárọ̀ Sátidé. Mọ́tò ti kún abẹ́ afárá Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe Sángo, wọ́n ń pe Òṣòdì. Títì yìí náà ló gba Sángo lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú tí Johnson ti ṣiṣẹ́. Bàbá télọ̀ ti to bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù fún ìrántí rẹ̀.

Aago 9. Ọmọṣẹ́ kan béèrè pé: "Bàbá, ta tiẹ̀ ni Johnson yìí?"

"Télọ̀ bíi tiwa ni, ọmọ mi. Sàró ni, ọ̀kan lára àwọn tó ti Sierra Leone padà wá. Kò jẹ oyè, ṣùgbọ́n ó gbà pé ọ̀rọ̀ ìlú kan òun."

Aago 11. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, Ẹ̀gbá sì ń fura. Ní 1865, Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ Egba United Board of Management sílẹ̀. Baṣọ̀run Ṣómóyè ni ààrẹ, Johnson ni akọ̀wé. Wọ́n gba owó ibodè lórí ọjà tó ń jáde nílùú, wọ́n sì ṣètò ìfìwéránṣẹ́ láàárín Abẹ́òkúta àti Èkó. Ohun tí Johnson ń fẹ́ ni kí olóyè àti akọ̀wé jọ ṣèlú, pẹ̀lú òfin àti àkọsílẹ̀, kí Ẹ̀gbá lè dá dúró láìsí òyìnbó lórí wọn.

Aago 12 ọ̀sán. Màmá kan tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá sí i: "Ẹ dákun, ṣé kì í ṣe ìgbà tiwọn ni wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ìgbà tiwọn ni. Ní October 13, 1867, ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: wọ́n kó ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n lé wọn, ẹ̀rọ tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde náà sì lọ sí i. Ẹni tó bá ń yin ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú.

Aago 2. Ìdí tí ìgbìmọ̀ náà fi tú ká la jókòó tì pẹ́ jù. Ṣómóyè kú ní 1868. Òun ni ìgbìmọ̀ fẹ̀yìn tì. Bí ó ti lọ, ìjà oyè Aláké bẹ̀rẹ̀, agbára wọn sì ń dín kù. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Síbẹ̀ èrò náà kò kú: Egba United Government bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ó sì wà títí Lugard, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì, fi fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá ní 1914.

Aago 4. A gba ibẹ̀ lọ sí ìpàdé àdúgbò. Bàbá télọ̀ dìde: "Ẹ̀yin alàgbà, mo júbà. Owó trànsfọ́mà tí a dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí akápò kà á fún wa."

Àwọn kan kùn. Alága ní kí akápò kà á. Ó kà á, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, àwọn èèyàn sì ń béèrè, ó ń dáhùn.

Aago 6 ìrọ̀lẹ́. A fẹnu kò pé ní gbogbo ìparí oṣù, ìṣirò owó yóò wà lára géètì àdúgbò, ẹni méjì ni yóò sì máa fọwọ́ sí i, kí iṣẹ́ náà má baà dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ìrántí tó yẹ Johnson nìyẹn: ẹni tó bá gba owó ìlú, kó jíhìn fún ìlú.