Ẹni Tí Ó Bá Fẹ́ Sé Odò, Kí Ó Sọ fún Ará Ìsàlẹ̀

Òfin odò ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí.

Bí ẹnì kan bá sé odò ní òkè, ẹni tí ó dá àkùrọ̀ sí ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi lè fà. Nígbà òjò, bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn dáàmù lójijì, omi lè gbé iṣu àti ìrẹsì rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ abúlé méjì, àwọn baálé lè jókòó parí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè méjì ńkọ́?

Ẹjọ́ kan wà tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀. Adágún Lanoux wà lórí òkè Pyrenees ní ilẹ̀ Faransé. Omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Carol, ó sì ń lọ sí ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi bomi rin oko. Faransé fẹ́ darí omi náà gba ibòmíràn láti fi ṣe iná mànàmáná, ó sì ní òun yóò dá iye omi kan náà padà sínú odò Carol. Sípéènì ní rárá, àfi bí òun bá fọwọ́ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, àwọn onídàájọ́ ní ará òkè kò ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ará ìsàlẹ̀; ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá a jíròrò tinútinú, kí ó sì ro tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Faransé ti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó jàre.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Odò Ọya. Ní ọdún 1963, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fọwọ́ sí àdéhùn ní Niamey. Àdéhùn ọdún 1964 ní kí olúkúlùkù tètè fi iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe lórí odò náà tó àjọ wọn létí. Ní ọdún 1997, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba òfin gbogbo odò àjọni wọlé. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2010. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014. Ohun tí ó sọ nìyí:

Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù lo odò ní ìwọ̀n tí ó tọ́, kí ó má ṣe dá a jẹ.

Èkejì, kí ó sa gbogbo ipá rẹ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà ṣe aládùúgbò ní jàǹbá ńlá.

Ẹ̀kẹta, kí ó sọ fún aládùúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò ní oṣù mẹ́fà láti fèsì.

Ẹ̀kẹrin, bí ewu bá ń bọ̀, irú bí omíyalé, kí ó kéde rẹ̀ kíákíá.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù kọ́ dáàmù Lagdo sórí Odò Bẹ́núé, ó parí ní 1982. Nàìjíríà náà pète láti kọ́ dáàmù kan sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, láti gba omi tí ó bá ti Lagdo wá. Omíyalé 2012 dé, a kò tíì kọ́ ọ. Ti 2022 tún dé, a kò tíì kọ́ ọ. Ti 2012 pa ju 360 ènìyàn lọ, ti 2022 pa ju 600 lọ. Lagdo nìkan kọ́ ni ó fà á o. Òjò tí ó rọ̀ nínú Nàìjíríà pọ̀ púpọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òfin lè mú kí aládùúgbò kìlọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kò lè bá wa múra sílẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ó dé Àbújá tí kò dé àkùrọ̀, kí ni ó fẹ́ gbà là? Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ń dáko létí odò, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa gbọ́ ìkéde omíyalé lọ́dọọdún. Ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè: ta ni yóò mú ìròyìn wá bí wọ́n bá fẹ́ ṣí dáàmù, ọjọ́ mélòó ni a ó sì ní láti kórè? Ẹ béèrè kí òjò tó dé.